Olùkọ́ inú Fóònù àti Ìdánwò Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀

Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí kò sinmi, tó tún gbé ìwé rẹ̀ dání wá sí kíláàsì, ẹni ọ̀wọ̀ ni lójú mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹnì kan nínú yín ló fà á. Lánàá, nígbà tí a parí ìwé kíkà, ìyá kan tó ń ta ọsàn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ mi máa ṣe ìdánwò Kọ́mọ́ọ̀nù Ẹ́ńtíráǹsì. Mi ò lówó tí mo lè fi gba tísà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. Ọmọ àbúrò mi ní kí n má dààmú, ó ní olùkọ́ kan wà nínú fóònù tó ń dáhùn ohun gbogbo. Ṣé kí n gbé fóònù fún ọmọ náà kó lọ máa bá a sọ̀rọ̀?"

Mo mọ̀ pé ìyá yìí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ níyà. Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ ní kíláàsì kẹfà. Àwọn kan fẹ́ ṣe ìdánwò tí àjọ NECO ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ Unity School ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, àyà òbí ń já. Nítorí náà mo ní kí n dáhùn ìbéèrè ìyá ọlọ́sàn ní gbangba, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Kí ni olùkọ́ inú fóònù yìí? Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn òyìnbó fi lẹ́tà méjì pè é, AI. Àwa lè pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn ni ChatGPT, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Google ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Gemini. Meta AI sì wà nínú WhatsApp tí ọ̀pọ̀ yín ń lò lójoojúmọ́.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn tó ṣe é ti fi ìwé púpọ̀púpọ̀ kọ́ ọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan kò lè ka ìdajì rẹ̀ tán láyé. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀rọ̀, yóò máa to ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, bó ti rí i pé wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn nínú àwọn ìwé tó ti kà. Ìdí nìyẹn tí èdè rẹ̀ fi ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o: bó bá mọ ọ̀rọ̀, á sọ ọ́, bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó tún lè sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu dídùn kan náà. Ojú kì í tì í. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ǹjẹ́ ó wúlò fún ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ ti sún mọ́lé? Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi ń lò ó tí ń kọ́ ọmọ, ọ̀nà kan sì wà tí ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọsàn ṣe àlàyé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọlọ́sàn ló bi wá.

Ẹ ká ní ìbéèrè yìí wà níwájú ọmọ: "Ìyá Àgbà ní ọsàn 24. Ó ta ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọsàn mélòó ló tà?" Ọmọ ronú, ó kọ 8. Ó ṣì í. Nọ́ḿbà mẹ́ta ló rí, ló bá fi mẹ́ta pín 24.

Bí ọmọ bá sọ fún ẹ̀rọ pé, "Fún mi ní ìdáhùn," kíá ni ẹ̀rọ yóò kọ 18. Ọmọ yóò da 18 kọ sínú ìwé rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, inú ìyá rẹ̀ náà á dùn. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n yí ìbéèrè padà. Wọ́n ní ọsàn 30 ni, ìdá méjì nínú márùn-ún ni wọ́n tà. Ọmọ tún ṣe bíi ti àkọ́kọ́, ó fi méjì pín 30, ó kọ 15. Bẹ́ẹ̀, 12 ni ìdáhùn rẹ̀. Ọgbọ́n tó yẹ kó wọ inú orí ọmọ, inú fóònù ló dúró sí, fóònù ò sì gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ wo ọ̀nà kejì. A sọ fún ẹ̀rọ pé kó má sọ ìdáhùn, kó máa fi ìbéèrè tọ́ ọmọ sọ́nà. Nígbà tí ọmọ kọ 8, ẹ̀rọ bi í pé: "Bí o bá pín ọsàn 24 sí òkìtì mẹ́rin tó dọ́gba, ọsàn mélòó ni yóò wà nínú òkìtì kan?" Ọmọ ní mẹ́fà. "Òkìtì mẹ́ta ńkọ́?" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé 18 ni!" Ohun tí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ rí báyìí, kò ní í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan dán an wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000 ni wọ́n lò, ìṣirò sì ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kìíní lo ìwé nìkan. Àwọn kejì lo AI tó ń dáhùn ohunkóhun tí wọ́n bá bi í. Àwọn kẹta lo AI tí a ti pàṣẹ fún pé kó má gbé ìdáhùn lé wọn lọ́wọ́, kó kàn máa tọ́ wọn sọ́nà.

Nígbà ìdánrawò, tí ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́, àwọn kejì fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn oníwèé lọ. Ìyẹn ni pé bí oníwèé bá gba máàkì 50, tiwọn á tó 74. Ẹni tó bá rí wọn á ní wọ́n ti mọ̀wé tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ gbogbo wọn tí wọ́n sì fún wọn ní ìdánwò, àwọn kan náà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn oníwèé. Bí oníwèé bá gba 50, tiwọn ò ju nǹkan bí 41 lọ. Àwọn kẹta ńkọ́, àwọn tí ẹ̀rọ ń tọ́ sọ́nà? Àwọn ò rẹ̀yìn ní tiwọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn oníwèé dọ́gba.

Ẹ gbọ́ èyí tó sún mọ́ wa. Ní ọdún 2024, ní Ìlú Bìní, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Báǹkì Àgbáyé ṣètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìjáde ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ girama. AI ni wọ́n fi kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ lọ, bí ọmọ bá sì ṣe ń wá déédéé tó ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Àwọn tísà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń darí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni wọ́n lò, kì í ṣe òru ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nítorí náà, ìyá ọlọ́sàn, ìdáhùn mi nìyí: ẹ má gbé fóònù fún ọmọ kó lọ dá jókòó sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú fóònù dání. Kí ọmọ jókòó tì yín pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìdí méjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn tó ni ChatGPT kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ọmọ kíláàsì kẹfà kò sì sábà tó bẹ́ẹ̀. Ìkejì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ lè da ọ̀rọ̀ yìí kọ sínú fóònù bó ti rí:

"Òbí ni mí. Ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹfà, a sì jọ jókòó. Bi í ní ìbéèrè ìṣirò kan ṣoṣo nípa ìdá. Má sọ ìdáhùn. Dúró kó dáhùn. Bó bá ṣì í, fi ìbéèrè kékeré mìíràn tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá gbà á, fún un ní èyí tó le díẹ̀ sí i."

Ẹ rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ ti kọ́ ní kíláàsì yìí. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ kó bi ọmọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò náà. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ, tàbí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tàbí àdúgbò yín síbẹ̀. Ẹ má fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí i. Kò nílò rẹ̀ láti kọ́ni ní ìṣirò.

Bí ẹ̀rọ bá sọ ohun tó rú yín lójú ńkọ́? Ẹ má gbà á bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ ní kí ọmọ tún ìṣirò náà ṣe lórí ìwé. Ẹ wò ó nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kí ọmọ mú un tọ tísà rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló yẹ kí a bi bí ọ̀nà bá jìn. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ni ẹ̀rọ ń kọ, ẹ la ojú yín sílẹ̀ dáadáa. Ó lè fi àmì ohùn síbi tí kò yẹ, kó sọ ọkọ̀ di ọkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè yín ni olùkọ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ó ku bí a ó ṣe lo ọ̀sẹ̀ kan tó kù. Ọ̀sẹ̀ kan ò tó láti kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà. Ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n ó tó láti dí ihò méjì tàbí mẹ́ta. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ wá ihò náà. Ẹ mú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, kí ọmọ dá ṣe ogún ìbéèrè láìsí fóònù, láìsí ìwé. Ẹ máàkì rẹ̀. Ibi tó ti ṣì jù ni iṣẹ́ yín wà. Èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ máa ń fẹ́ràn láti tún èyí tó mọ̀ ṣe, nítorí ó dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan kún un.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Wẹ́sídè, ẹ mú ihò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọmọ sinmi, kó ṣeré díẹ̀, kó tún ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tòní, ẹ kọ́kọ́ bi í ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ti àná. Ènìyàn a máa gbàgbé. Ìbéèrè ló ń pe ohun tó ti ń sá lọ padà. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fi èyí hàn ní ọdún 2006. Àwọn tó ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàtúnkà ló rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ka ìwé tí wọ́n sì pa á dé, tí wọ́n gbìyànjú láti rántí rẹ̀, ni wọ́n rántí jù. Ẹ rántí o, ọ̀sẹ̀ kan gan-an ni àwa náà ní.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdè, kí ọmọ ṣe odidi ìbéèrè àtijọ́ kan pẹ̀lú aago, bí ẹni pé ọjọ́ ìdánwò ni. Ẹ pa fóònù. Ẹ kọ́ ọ pé bí ìbéèrè kan bá le, kó fò ó, kó padà wá síbẹ̀ nígbà tó bá ṣe tán.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, ẹ dẹwọ́. Kí ó wo ìwé díẹ̀ lọ́sàn-án. Kẹ́ ẹ to pẹ́ńsù, rọ́bà ìpàwérẹ́ àti káàdì ìdánwò rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Kí ó jẹun, kó sì tètè sùn.

Ibi oorun yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi jù, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo jẹ́ tísà kíláàsì kẹfà, mo kó àwọn ọmọ jọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Mo tan fìtílà gáàsì. A ka ìwé, a ṣe ìṣirò, títí ó fi di agogo kan òru. Mo rò pé iṣẹ́ ribiribi ni mò ń ṣe. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, òun ni orí rẹ̀ pé jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó gbé orí lé tábìlì, ó sùn lọ. Alábòójútó jí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èsì dé, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú àwọn tó yege. Àwọn tí kò mọ̀wé tó o wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó fẹ́ bínú ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo ṣe wàhálà lórí ọmọ òun, pé àyànmọ́ ni. Kì í ṣe àyànmọ́, ẹ̀yin ará mi. Èmi ni. Ọpẹ́ tí ọkùnrin yẹn dú lọ́jọ́ náà ń dùn mí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ohun tí àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ní ọdún 2016 nìyẹn. Èmi fún ọmọ yẹn ní bíi mẹ́rin. Fóònù yìí burú ju fìtílà gáàsì mi lọ. Epo fìtílà a máa tán. Ẹ̀rọ inú fóònù kì í rẹ̀, kì í sùn, kò sì ní í sọ fún yín pé ọmọ ti ń tòògbé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwọn kan á máa wá bá yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí pé àwọn ní ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́, kẹ́ ẹ mówó wá. Àwọn mìíràn á ní AI ti sọ ìbéèrè tó ń bọ̀ fún àwọn. Irọ́ ni. Kò sí bí AI ṣe lè mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdánwò. Owó yẹn, ẹ fi ra oúnjẹ fún ọmọ.

Bí dátà bá tán ńkọ́, tàbí tí iná ò sí láti fi gba fóònù lágbára? Ọwọ́ yín ò dí. Kí ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe tó dára jù? Ó ń béèrè, ó ń dúró, ó sì tún ń béèrè. Èwo ni ẹ ò lè ṣe níbẹ̀? Ní ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín ò lè ka àkọlé ara ọkọ̀. Lónìí, ẹ mú ìwé ìbéèrè, ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn, ẹ ka ìbéèrè sí ọmọ yín létí, ẹ sì dákẹ́ kó ronú. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ẹ ò sì tíì lè kà á, kí ọmọ kà á sókè, kó wá fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ihò wà nìyẹn.

Ìyá ọlọ́sàn, lánàá ẹ sọ fún mi pé ìṣirò ọmọ yín ti ju tiyín lọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń to ọsàn ní òkìtì òkìtì sórí àtẹ láràárọ̀? Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ ka ọsàn 24 sílẹ̀ níwájú ọmọ. Ẹ ní kó pín in sọ́nà mẹ́rin. Ẹ ní kó gbé ọ̀nà mẹ́ta fún yín. Kí ó kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ sùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yege.